Ẹni Tí Dókítà Ní Kó Sinmi

Ilé tí à ń gbé ní Malton sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú débi pé bí bàlúù bá ń balẹ̀, mo máa ń mọ awakọ̀ tí kò fá irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi obìnrin ní irọ́ ni. Èmi náà mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí irọ́ yẹn máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn Canada, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Àwọn ọmọ wọn ti lọ sí yunifásítì ní ìlú mìíràn. Èmi àti òun ló kù nínú ilé. Ó mú mi wá láti Ìbàdàn lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, kí n má baà máa dá sọ̀rọ̀. Mo kàwé dé ìwé mẹ́rin. Olùkọ́ mi ló ní kí n dúró níbẹ̀, pé bí mo bá tún kà sí i, irọ́ mi á di ti ìjọba.

Iṣẹ́ ọmọ mi ni kó máa tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Rexdale. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń pààrọ̀ ìlédìí wọn, ó ń fi ṣíbí bọ́ wọn, ó ń gbé wọn látorí bẹ́ẹ̀dì sórí àga onítáyà. Àwọn kan á dúpẹ́, àwọn kan á gbá a létí, àwọn kan á pè é ní orúkọ tí n kò ní kọ síbí. Bí òṣìṣẹ́ kan kò bá wá, wọ́n á ní kó fi ṣíífìtì onítọ̀hún kún tirẹ̀. Kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́. Nílé wa, ọmọ tó bá sọ bẹ́ẹ̀, a máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òun ló sọ̀rọ̀ ni tàbí ẹlòmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà òtútù, mo gbọ́ tí mọ́tò rẹ̀ dé iwájú ilé. Mo gbé omi tíì kaná, mò ń retí kó wọlé. Omi hó, omi gbẹ mọ́ ìkòkò, kò wọlé. Mo yọjú lójú fèrèsé: yìnyín ti bo gíláàsì mọ́tò náà pátápátá, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ọkọ rẹ̀, mo lọ kan gíláàsì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ṣì wà lójú títì.

"Ọmọ mi, wọlé."

"Mò ń bọ̀, Bàbá."

"Láti ìgbà wo lo ti ń bọ̀?"

Ó yíjú sí mi. "Mi ò mọ ohun tó kàn kí n ṣe."

"Ilẹ̀kùn ni kí o ṣí. Òun ló kàn."

"Ẹ bá mi ṣí i."

Mo ṣí i. Ìka rẹ̀ ni mo ń já kúrò lára sítíárìn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bó ẹ̀gúsí.

Dókítà ní kì í ṣe ibà. Ó ní àárẹ̀ iṣẹ́ tó ti pẹ́ lára ni, èyí tí wọ́n ń pè ní burnout níbí, pé ara àti ọkàn ti ná gbogbo ohun tí wọ́n ní tán. Ó ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná, kó sinmi, kó sì máa bá therapist sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Therapist yìí, obìnrin aláwò ojú kan ni, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kì í fúnni lóògùn, kì í gúnni lábẹ́rẹ́. Ìbéèrè ló ń bi èèyàn. Mo sọ ọ́ ní Ìyá Oníbéèrè.

Ó kọ́ ọmọ mi pé bí àyà rẹ̀ bá ń já, kó fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, kó dá a dúró, kó wá tú u jáde bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ní kó máa dárúkọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nínú yàrá, kọ́tìnnì, àga, kọ́ọ̀bù, kí ọkàn rẹ̀ lè padà síbi tí ara rẹ̀ wà. Ó ní kó máa rìn yípo àdúgbò láìmú fóònù dání. Ó ní kó ya àkókò kan sọ́tọ̀ lọ́sàn-án fún ìdààmú, pé bí ìdààmú bá dé lásìkò mìíràn, kó ní kó lọ kó padà wá. Ilé ìdáná ni mo jókòó sí, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ẹni tó bá lè dá àkókò fún ìdààmú, kó sì dúró tì í, òun ló yẹ kó máa bá wa bá iléeṣẹ́ mànàmáná ilé sọ̀rọ̀.

Èmi náà dán èémí yẹn wò nínú bọ́ọ̀sì. Mo fà á sínú, mo dá a dúró, mo wá gbàgbé láti tú u jáde nítorí mò ń wo obìnrin kan tó gbé ajá sínú báàgì. Ìgbà tí mo tú u jáde, fìlà ọkùnrin tó wà níwájú mi fò lọ bá awakọ̀, bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n fẹ́ pe ẹ́ńbúláǹsì. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi nígbà tí mo délé. Ó ní, "Bàbá." Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ.

A wá gbàgbé ohun kan: Yorùbá ni wá. Ìròyìn ti dé mọ́ṣáláṣí pé ara ọmọ mi kò yá. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ àsàlátù dé. Àwọn kan wá láti Springdale, àwọn kan láti Rexdale, ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti fáktọ̀rì bọ̀, kò tíì délé tirẹ̀. Bàtà òtútù kún ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń ta bàtà. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín wá, ọbẹ̀ kún kúlà dé ọrùn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, n kò ní sọ ohun tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣàdúà. Lẹ́yìn àdúà, olúkúlùkù sọ ìtàn ẹnì kan tó mọ̀ tí irú àárẹ̀ yìí ṣe, nínú ìtàn mẹ́rin ẹni mẹ́ta ló kú.

Ọmọ mi ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ ìborùn, ó kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé omi fún wọn, ó tún wá lọ dín dòdò, nítorí kò bójú mu pé àlejò wá sílé ẹni, kó tún jẹ́ oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá ló máa jẹ.

"Jókòó, jàre. Ṣebí ìwọ la wá wò," ni wọ́n ń wí, tí wọ́n ń nawọ́ gba dòdò.

Ọjọ́ kejì ló wá burú. Ẹ mọ̀ bá a ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ti wá lánàá, ọpẹ́ àná gbọ́dọ̀ lọ lónìí. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kú àná o, Mà. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú ẹ̀ gbà á." Ẹni tó bá pè á tún béèrè ara rẹ̀ lákọ̀tun, òun náà á tún sọ ọ́ lákọ̀tun. Ohùn rẹ̀ á dún lórí fóònù bí ti ọmọge. Bó bá ti gbé e sílẹ̀, ojú rẹ̀ á kú. Á wá tẹ nọ́ńbà ẹni tó kàn. Bó bá parí ìyẹn, kúlà ló kù. Wọn kì í dá kúlà padà lófìfo. Ó ní láti se nǹkan sí i, ó ní láti dín nǹkan sí i. Kí ó tó parí ti àwọn ti ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti wà lọ́nà.

Ìyá Oníbéèrè fẹ́ kó yé òun dáadáa. Ó ní, "Wọ́n ń wá nítorí pé ó rẹ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó sì tún ń rẹ̀ ọ́ nítorí pé wọ́n ń wá?"

"Wọ́n fẹ́ràn mi, Madam."

Ọjọ́ yẹn náà ló sọ ohun tí n kò fẹ́ gbọ́. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ tí yìnyín bo mọ́tò òun, òun wọ yàrá màmá kan níbi iṣẹ́. Òun kí i, òun nu ojú rẹ̀, òun ya irun rẹ̀, òun ń bá a sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó máa wá wò ó lọ́sàn-án. Ìgbà tí òun fẹ́ gbé e jókòó lòun tó mọ̀ pé ó ti kú. Òun lọ sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní ó ṣeun, kí òun kọjá sí yàrá tó kàn. Òun kọjá sí yàrá tó kàn, òun nu ojú ẹni tó wà níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń bọ̀ wálé lójú títì márosẹ̀, ọkàn òun sọ fún òun pé kí òun jọ̀wọ́ sítíárìn, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Ó ní ọkàn náà ṣì ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo di etí síǹkì mú. Ìyá Oníbéèrè kò pariwo. Ó bi í léèrè bóyá ó ń sọ ọ́ báyìí. Ọmọ mi ní rárá, kì í ṣe báyìí. Ó bi í léèrè ẹni tó wà nílé.

"Bàbá mi."

"Ṣé mo lè bá wọn sọ̀rọ̀?"

Gẹ̀ẹ́sì mi kò pé, ṣùgbọ́n kì í bẹ̀rù. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà. Ó ní kí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò máa wà lọ́wọ́ mi. Ó fún mi ní nọ́ńbà tí mo máa pè nígbàkígbà bí ọ̀rọ̀ náà bá tún wá. Ó ní àwọn àlejò ńkọ́, ṣé mo lè dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa sọ fún wọn pé kò sí àyè lónìí?

Mo ní, "Madam, I can tell them anything."

Bí mo ṣe di aṣọ́nà nìyẹn. Mo gbé àga mi sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin méjì ló kọ́kọ́ kàn án.

"Ẹ káàsán, Bàbá. A wá wo ọmọ yín."

"Ẹ kú ìrìn o. Kò ṣeé wò lónìí."

"Háà! Ṣé kò burú?"

"Kò burú. Ẹ̀rọ ló wà lẹ́nu iṣẹ́." Mo nawọ́ sí nǹkan roboto tó ń ṣẹ́jú pupa lára àjà. "Ìjọba ló gbé e síbẹ̀. Bí àlejò bá ti wọlé, ó ti dé etí dókítà."

Èyí tó kéré nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá yìí! Smoke alarm nìyẹn. Ó wà nílé wa náà. Bí mo bá ń dín ẹja, ṣe ló máa ń ké."

"Tiyín ń gbóòórùn èéfín. Tiwa ń gbóòórùn ọ̀rọ̀."

"Bàbá, irọ́ lẹ máa pa wọ al-jánnà o."

"Kí n ṣáà ti wọ̀ ọ́. Ẹ gbé kúlà yẹn sílẹ̀, kò sí òfin tó de kúlà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ. Mo sọ fún ẹlòmíràn pé àárẹ̀ náà ń ran èèyàn, pé mo bá a jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ń yán fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, àwọn bàlúù tó ń kọjá náà ti ń yán. Mo sọ fún ọkùnrin kan pé wọ́n ti gbé e lọ sinmi níbi kan ní àríwá tó jìnnà, tí oòrùn kì í wọ̀, tí àlejò kò lè mọ ìgbà tó yẹ kí òun lọ sílé. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ti padé, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá.

"Bàbá, ta nìyẹn?"

"Wọ́n ti lọ."

"Ṣé wọ́n gbé nǹkan wá? Mo gbọ́dọ̀ pè wọ́n."

Ilẹ̀kùn ni mo ń ṣọ́. Fóònù ni wọ́n ń gbà wọlé.

Ìyá Oníbéèrè wá fún un níṣẹ́ kan tó le ju gbogbo èyí tó ti ń ṣe lọ. Ó ní kó mú nǹkan kan tó máa ń ṣe fún èèyàn, kó má ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, kí àwọn wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi ronú títí, ó ní òun ò ní pe ẹnikẹ́ni láti dúpẹ́.

"Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n á ní mi ò ní ẹ̀kọ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kò sí lẹ́yìn náà, Madam. Ibẹ̀ ló parí sí."

Mo gba fóònù náà, mo tẹ̀ ẹ́ sínú àpò ìrẹsì. Ọjọ́ kìíní, ó ń rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀ nínú òtútù. Àpò ìrẹsì ń dún. Ó dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni tó gbọ́ tí ọmọ ń sunkún. Ó fa èémí sínú, ó tú u jáde. Ó ń dárúkọ nǹkan: síǹkì, ìkòkò, Bàbá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ dé ìdajì, ó sùn lọ́sàn-án. Mo lọ dúró sẹ́nu yàrá, mo wò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú rẹ̀ tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, nígbà tí a kírun tán, ọkùnrin kan fà mí lápá ní mọ́ṣáláṣí. "Bàbá, wọ́n ní ẹ ti ọmọ yín mọ́lé." Ẹlòmíràn ti gbọ́ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹlòmíràn gbọ́ pé ó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, pé ẹ̀sìn ti òyìnbó inú kọ̀ǹpútà ló ń ṣe báyìí. Ẹlòmíràn ní ó wà ní àríwá. Nínú gbogbo rẹ̀, ti àríwá tí oòrùn kì í wọ̀ nìkan ni mo mọ̀ pé ó ti ẹnu mi jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àdínì pè mí lórí fóònù tèmi. Òun ni olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù náà. Èmi àti òun kò jùra wa lọ púpọ̀ lọ́jọ́ orí. Ó ti pẹ́ ní ìlú yìí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pápákọ̀ òfurufú ló ń fọ̀. Nígbà tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ló gbà á sí yàrá, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, òun ló wẹ àkọ́bí rẹ̀.

"Bàbá, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ wá rárá, Ìyá Àdínì. Eyín kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà wá dì í lẹ́nu."

"Eyín ni kò jẹ́ kó lè sọ pé ẹ ṣeun?"

"Eyín ni."

"Bàbá, mo ti dàgbà. Mò ń bọ̀ lọ́la."

N kò ní irọ́ tó lè dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ìyá yẹn. Ó dé, ó gbé kúlà dání, mo yà fún un. Ọmọ mi wà lórí àga ní pálọ̀, aṣọ ìbora wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àdínì dúró láàárín pálọ̀, ó ń retí. Bàlúù kan kọjá lórí ilé, àwo ń mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó kọjá tán, ọmọ mi kò dìde.

"Ẹ káàsán, Mà," ló sọ láti orí ìjókòó.

Ìyá Àdínì wo ojú mi.

"Orúnkún ló ń dùn ún," ni mo wí.

"Kò dùn mí, Bàbá." Ohùn rẹ̀ kéré. "Mà, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè dìde lónìí. Mi ò sì lè dúpẹ́ mọ́. Mo ti dúpẹ́ tán."

"O ti dúpẹ́ tán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣé òyìnbó yẹn ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ mi fa aṣọ ìbora náà sókè.

"Ta ló wẹ ọmọ rẹ nígbà tí o kò lè gbé ọwọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Ó rẹ èmi náà." Kò gbé ohùn sókè. Bí ẹni ń ka oúnjẹ tó fẹ́ rà ló ń sọ ọ́. "Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí ni ó ti rẹ̀ mí. Mò ń fọ ìgbẹ́ àwọn arìnrìnàjò, mo máa ń délé, mo máa ń wẹ̀, mo máa ń lọ kí ẹni tó bímọ, mo máa ń lọ kí ẹni tó ṣòfò. Ta ló jókòó fún mi rí?"

"Ẹ jókòó, Mà," ni ọmọ mi wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Mo rò pé ó máa jókòó. Ó wo àyè tó wà lórí àga náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúà kúkúrú tí n kò gbọ́ kedere, ó fọwọ́ nu ojú, ó sì gbé kúlà rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ bàtà, nítorí ó ti wú. Mo fẹ́ sọ nǹkan.

"Ẹ má wulẹ̀ purọ́ fún mi, Bàbá," ló wí, láìwò mí.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn wa mọ́. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń dá mi lóhùn sálámà, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Ọmọ mi sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sunkún di ọjọ́ kejì. Mo kó ọ̀bẹ kúrò ní ilé ìdáná. Mo gbé nọ́ńbà tí Ìyá Oníbéèrè fún mi síwájú, mo pè é, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi balẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé wọn pé, Ìyá Oníbéèrè bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ó lọ."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà níbí." Ó tún un sọ, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. "Mo wà níbí."

Dókítà ti tún fi kún ìsinmi rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí bóyá ara rẹ̀ ti yá, n kò mọ̀. Títí di báyìí, n kò mọ̀ bóyá ìwòsàn ló mú un jókòó lọ́jọ́ yẹn tàbí àìsàn náà gan-an.

Láàárọ̀ àná, ó jáde ní yàrá. Mo ti jókòó sí pálọ̀, mo ti tún fìlà mi ṣe, mò ń retí rẹ̀. Ó kọjá níwájú mi. Kò kúnlẹ̀, kò kí mi. Ó bu búrẹ́dì, ó dúró jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, ó mu omi, ó tún kọjá níwájú mi padà. Láti ìgbà tó ti lè dá dúró, irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo la ẹnu pé kí n bi í bóyá kò rí mi ni, ilẹ̀kùn yàrá sì padé.

Mo pa ẹnu dé. Ó ṣe díẹ̀, mo fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ dá ìkíni tí kò kí mi lóhùn: "Àárọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ tó ń hanrun nínú yàrá, gbààgbàà bí ọkùnrin. Àga tí mo jókòó lé máa ń ké bí mo bá mira. N kò mira.